Tíkẹ́ẹ̀tì Wọ́n Bí Ojú, Ọjọ́ Sì Ti Sún Mọ́lé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń sọ: ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn tó bá èèyàn lójijì, owó ò sí lọ́wọ́, bàálù ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sídìí káńtà tíkẹ́ẹ̀tì n'Ìkẹjà kí n tó máa kọ̀wé, mo mọ bí ojú ẹni tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìsìnkú ṣe máa ń rí, torí ẹ̀ mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mẹ́rin ni mo mú nínú ẹ̀.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi kú, Ògbómọ̀ṣọ́ la ti fẹ́ sin wọ́n, Fúráìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mọ̀lẹ́bí dá, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Manchester ni mo wà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju £700 lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rí lórí fóònù, kí n lọ ní Wẹ́sìdeè kí n bọ̀ ní Mọ́ńdè, £1,180 ni. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fara balẹ̀, pé tó bá ku ọjọ́ kan wọ́n á lu ìjókòó tó ṣẹ́kù ní gbàǹjo. Ṣé kí n dúró? Èmi ni àkọ́bí wọn, mi ò lè má dé ibẹ̀. (Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Manchester)

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra.

Ẹ má dúró. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ dúró ò gbèrò ibi sí yín, àmọ́ ohun tó mọ̀ nípa bọ́ọ̀sì ló fi ń ṣàlàyé bàálù. Ní gáréèjì Òjòta, ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ni awakọ̀ ń bẹ̀, tí ìjókòó bá ku ẹyọ kan tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, owó tí ò pé gan-an wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Bàálù ò rí bẹ́ẹ̀, òdì kejì ẹ̀ ni. Ìjókòó economy tẹ́ ẹ rí pé ó jọra wọn yẹn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti pín in sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ìkọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tiẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ní iye tiẹ̀, èyí tó rọjú jù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tà, tó bá tán wọ́n á ṣí èyí tó wọ́n jù ú lọ. Tó bá wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àwọn tó wọ́n ló máa ń ṣẹ́kù, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lónìí tó fẹ́ lọ lọ́la ò ní yíyàn, yálà ilé iṣẹ́ ẹ̀ ló ń sanwó àbí òkú ló fẹ́ lọ sin. Lóòótọ́ mo ti rí i kí owó wálẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, tí ìjókòó bá ṣì pọ̀ nínú ọkọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìsìnkú bàbá yín ta tẹ́tẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn nídìí káńtà nìyí: tí ọjọ́ bá ti sún mọ́, kò sí ọgbọ́n àṣírí kankan tó ń mú owó wálẹ̀, inú ohun tẹ́ ẹ bá gbà láti yí padà ni ẹ̀dínwó wà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ́pọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ máa lò, tàbí ibi tí bàálù máa yà sí kó tó dé. Ẹni tí ò bá lè yí ìkankan padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye tí wọ́n bá pè é náà ló máa san.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́. Ẹ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ yàn, Wẹ́sìdeè sí Mọ́ńdè. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń ti London lọ sìnkú ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń yàn, torí àìsùn wà ní Tọ́sìdeè, ìsìnkú ní Fúráìdeè, ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè, olúkálùkù á sì fẹ́ padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá lè kúrò ní Sọ́ńdè tàbí Mọ́ńdè kẹ́ ẹ sì padà ní Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé ìsìnkú, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i tí iye yẹn máa yàtọ̀. Ẹ lọ sórí Google Flights, kọ̀ǹpútà ló dáa jù kì í ṣe fóònù, ẹ kọ ìlú tẹ́ ẹ ti ń lọ àti ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n kọ Date grid sí. Á gbé pátákó kan jáde bíi kàlẹ́ńdà, ọjọ́ ìlọ lápá kan, ọjọ́ ìpadà lápá kejì, iye owó sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá rọjú jù á ní àwọ̀ ewé. Ẹ fi ìka tọ àwọn àpótí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ èyí tó dín sórí ìwé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ́pọ́ọ̀tù ló kàn. Ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Manchester lákọ̀ọ́kọ́, London lẹ́ẹ̀kejì. Láti London, British Airways àti Virgin ń ti Heathrow lọ Lagos tààrà, bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Air Peace náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Gatwick lọ ní 30 oṣù kẹta 2024, ìgbà tó sì bẹ̀rẹ̀ yẹn gbogbo wa rí i bí owó ọ̀nà yẹn ṣe wálẹ̀, torí náà ẹ má fojú fo ọkọ̀ wa. Bọ́ọ̀sì òru láti Manchester sí London ò wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Manchester níbẹ̀, Turkish á gbé yín gba Istanbul, EgyptAir á gba Cairo, Qatar á gba Doha. Àwọn tó ń yà wọ̀nyí ló sábà máa ń rọjú tí ọjọ́ bá ti lọ tán, àwọn tí ìdúró wọn gùn bíi wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mọ́kànlá tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, àwọn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì tó nípọn dání, ẹ́pọ́ọ̀tù máa ń tutù lóru.

Ẹ tún wá Abuja. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí ẹ̀ rárá. Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ń lọ, kì í ṣe Lẹ́kí. Láti Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ bíi wákàtí kan ni, bàálù inú ilé sì ń ti Abuja lọ Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ láti Lagos ẹ máa gba Ìbàdàn, ẹ máa gba Ọ̀yọ́, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń jẹ èèyàn lára. Turkish, EgyptAir àti British Airways ló ń balẹ̀ sí Abuja. Tó bá jẹ́ pé Abuja fi £200 dín sí Lagos, ẹ gbà á, àmọ́ kẹ́ ẹ sun Abuja mọ́jú, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin ti wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀, torí bí ti òkèèrè bá pẹ́ dé, ti inú ilé ò ní dúró.

Ẹ má sì ra ìlọ nìkan kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ máa ra ìpadà nílé. Lára àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí, ìlọ nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó lọ-bọ̀, ìgbà míì ó tiẹ̀ ń wọ́n jù ú lọ. Ẹ wo méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nínú iye tẹ́ ẹ bá san, owó orí kan wà tí ìjọba Bìrìtìkó ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbéra láti ilẹ̀ wọn, ti ọ̀nà tó jìn tó Nàìjíríà di £102 ní economy láti 1 oṣù kẹrin 2026. (Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 ò ní san án ní economy, ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń mú ọmọ lọ.) Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kò sí ẹ́jẹ́ǹtì tó lè yọ owó yẹn kúrò, torí náà ẹni tó bá ní òun á gbé yín lọ òun á gbé yín bọ̀ ní £250 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sá fún un.

Nǹkan kan tún wà tó ń dun èèyàn ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú tẹ́ ẹ máa ń mú dání tẹ́lẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé ìgbélùú yín wà báyìí, páásípọ́ọ̀tù ló sì so mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gba páásípọ́ọ̀tù tuntun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tẹ́ ò tíì lọ yí nọ́ńbà ẹ̀ padà nínú àkáǹtì UKVI yín (ti ọ́fíìsì físà ìjọba Bìrìtìkó), ẹ ṣe é lálẹ́ òní. Ìlọ ò ní dí yín lọ́wọ́, ìpadà ni wọ́n á dá yín dúró sí lórí káńtà ní Lagos, ẹ tún máa wá ra tíkẹ́ẹ̀tì míì.

Ọ̀rọ̀ owó tó kù. Ẹ béèrè ní ìjọ yín àti lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ bóyá ẹnì kan ń kó Avios tàbí Virgin Points jọ, ìyẹn pọ́íǹtì tí British Airways àti Virgin máa ń fún oníbàárà wọn, torí ẹni tó ní i lè fi gba ìjókòó fún ẹlòmíì, owó orí àti owó tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá fi kún un lẹ máa san lé e. Ẹ pe àwọn àbúrò yín pẹ̀lú, ẹ ní kí owó aṣọ ẹbí tiyín dúró ná. Ẹ̀yin ni àkọ́bí, ẹ sì lẹ́nu nínú mọ̀lẹ́bí: ẹ bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́tù bóyá ìsìnkú lè sún sí Fúráìdeè tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó le ni, wọ́n lè ti bá pásítọ̀ àti onígbọ̀ngàn sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan péré lè ṣí ìsọ̀rí owó míì sílẹ̀ fún yín, mo sì ti rí mọ̀lẹ́bí tó gbà torí kí àkọ́bí lè bu iyẹ̀pẹ̀ sára bàbá ẹ̀.

Ẹ káàárọ̀ mà. Físà Canada mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ilé ẹ̀kọ́ mi ní Toronto sì ní n gbọ́dọ̀ ti dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bàbá mi ta ilẹ̀ kan láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́, owó tó kù ò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ wọkọ̀ ní Cotonou tàbí Accra, pé ó dín gan-an sí Lagos. Ó tún ní kí n já tíkẹ́ẹ̀tì sí méjì, Lagos sí Istanbul lọ́tọ̀, Istanbul sí Toronto lọ́tọ̀, pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó gbọ́n ń ṣe é. Kí lẹ rí sí i mà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀ tí bàbá ẹ tà yẹn so èso.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè bà ọ́ nínú jẹ́. Tí gbogbo ìrìnàjò bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹrù ẹ á bá ọ dé Toronto, ìwọ náà á kàn rìn láti géètì kan sí géètì kejì nínú ẹ́pọ́ọ̀tù, tí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, àwọn ló máa wá ọkọ̀ míì fún ọ. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì, Istanbul ni ẹrù ẹ máa parí sí, o gbọ́dọ̀ jáde lọ gbé e kó o tún padà wá forúkọ sílẹ̀, kó o tó lè jáde o gbọ́dọ̀ ní físà Turkey, tí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ti jóná nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa dá owó padà fún ọ.

Mo rí bàbá kan n'Ìkẹjà lọ́dún kan, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Canada náà ló ń lọ, lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Ẹnì kan ló bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ọ̀kan gba ẹ́pọ́ọ̀tù kan ní Yúróòpù. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà ní káńtà yẹn wo páásípọ́ọ̀tù bàbá, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo páásípọ́ọ̀tù, ó wá ní bàbá ò lè wọkọ̀ torí kò ní físà ìlú tó ti máa lọ gbé ẹrù. Bàbá ti ṣí àpò ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí ẹrù ẹ̀ wúwo jù, ẹ̀lùbọ́ wà nínú láílọ́ọ̀nù mẹ́rin lórí ilẹ̀, àdìrẹ méjì wà lórí ẹ̀, bàbá kàn dúró síbẹ̀ ó ń dì wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Fetí sí i dáadáa torí ó máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ kàn yà ní ẹ́pọ́ọ̀tù Jámánì, Faransé tàbí Netherlands gbọ́dọ̀ ní físà tí wọ́n ń pè ní airport transit visa, bí kò tiẹ̀ ní jáde rárá. Ìwọ tí físà Canada wà nínú páásípọ́ọ̀tù ẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìyẹn, o lè gba Frankfurt tàbí Paris kọjá. Àmọ́ ìyọkúrò yẹn ò kọjá inú ẹ́pọ́ọ̀tù, kò ní jẹ́ kó o jáde lọ gbé ẹrù. Ibi tí ẹsẹ̀ bàbá yẹn ti yẹ̀ nìyẹn.

Torí náà tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó o wá. Ethiopian ń gba Addis Ababa lọ Toronto, EgyptAir ń gba Cairo, Turkish ń gba Istanbul. Lẹ́yìn ìyẹn wá Montreal náà, torí Royal Air Maroc ń gba Casablanca lọ síbẹ̀, ó sì máa ń rọjú. Láti Montreal sí Toronto, bíi 540 kìlómítà, bọ́ọ̀sì ń lọ, rélùwéè náà ń lọ. Tó o bá gba ibẹ̀, mọ̀ pé Montreal ni wọ́n á ti fún ọ ní ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ, torí ibi tó o bá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Canada ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú físà, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rí owó, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ ẹ, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù. Bi wọ́n léèrè owó akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú o, Turkish àti Qatar ní ètò fún akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ ẹrù ni wọ́n á fi kún un fún ọ, àpótí kan sì lówó lórí.

Ti Cotonou àti Accra, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ti pẹ́. Ní 2022 sí 2023, owó àwọn ilé iṣẹ́ bàálù òkèèrè há sí Nàìjíríà, wọn ò rí dọ́là gbé jáde, làwọn kan bá ti àwọn ìsọ̀rí tó rọjú pa fún tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tà níbí. Emirates tiẹ̀ kó ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò ní oṣù kẹwàá 2022, 1 oṣù kẹwàá 2024 ló tó padà. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé ń sá lọ Accra, mo bá èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ náà. Ọwọ́ ti rọ̀ díẹ̀ látìgbà náà, torí ẹ̀ fi ojú ara ẹ wò ó: kọ LOS fún Lagos, kọ COO fún Cotonou, kọ ACC fún Accra, LFW fún Lomé, ọjọ́ kan náà. Ṣírò owó ọkọ̀ dé Sẹ̀mẹ̀, owó ibi tó o máa sùn, àti àwọn ibi tí wọ́n á ti dá ọ dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpótí ńlá méjì. Wọ́n á béèrè káàdì yẹ́lò fífà ní bọ́dà, abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó jẹ́ ojúlówó, torí náà tó ò bá tíì gbà á, lọ gbà á lónìí. Accra tún jìn jùyẹn lọ, Benin àti Togo lo máa là kọjá. Lójú tèmi, tí ohun tó fi dín ò bá tó ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì, wọ ọkọ̀ ẹ ní Lagos kí ọkàn ẹ balẹ̀.

Ọmọ mi, mo kí ẹ o. Ọmọbìnrin mi ní Maryland bímọ ṣáájú oṣù ẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ wá bá òun tọ́jú ọmọ, mo ní físà Amẹ́ríkà lọ́wọ́ látọdún tó kọjá. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní òun ní tíkẹ́ẹ̀tì Washington lọ-bọ̀ ní ₦700,000, kí n san ìdajì lónìí torí ìjókòó méjì péré ló kù. Ó ti fi ìwé kan ránṣẹ́ tí orúkọ mi wà nínú ẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mi ò rìnrìnàjò bàálù rí. (Ìyá Ọlọ́mọ, Abẹ́òkúta)

Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wo ìyá àti ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má san kọ́bọ̀.

Iye yẹn ò lè gbé èèyàn dé Amẹ́ríkà kó tún gbé e bọ̀. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sí yín yẹn lè jẹ́ ojúlówó, ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló lè di ìjókòó mú lórúkọ yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìsan nǹkan kan, wọ́n á fún un ní kóòdù lẹ́tà mẹ́fà, ẹ máa rí i lórí website ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé orúkọ yín wà ńbẹ̀ lóòótọ́, tó bá di ọ̀túnla ó ti pòórá, owó yín náà ti pòórá. Àwọn míì máa ń fi káàdì tí wọ́n jí rà á, á wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìrìnàjò kí wọ́n tó fagi lé e nígbà tẹ́ ẹ ti dúró sí káńtà.

Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Kóòdù lẹ́tà mẹ́fà yẹn fi hàn pé wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀ ni, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ló fi hàn pé wọ́n ti sanwó. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ló wà nínú ẹ̀, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni àmì ilé iṣẹ́ ọkọ̀: 071 ni ti Ethiopian, 235 ni ti Turkish, 016 ni ti United, 006 ni ti Delta. Tí wọ́n bá ní Ethiopian ni wọ́n rà tí nọ́ńbà ò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 071, ẹ béèrè ìdí. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra yín, ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún wọn, ẹ ní kí wọ́n sọ bóyá wọ́n ti sanwó ẹ̀. Ẹ má lo nọ́ńbà fóònù tí ẹ́jẹ́ǹtì fún yín, orí website wọn ni kẹ́ ẹ ti mú un.

Èyí tó dáa jù, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi káàdì ẹ̀ rà á lọ́hùn-ún tààrà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Kó wá èyí tó ń balẹ̀ sí ẹ́pọ́ọ̀tù Dulles ní Washington, ibẹ̀ ò jìn sí Maryland. Ọkọ̀ Ethiopian kan ń gba Lomé lọ Newark nítòsí New York, ìyẹn lè dín díẹ̀, àmọ́ ọmọ yín á wá ti Newark gbé yín, pẹ̀lú ọmọ jòjòló nílé. Mo mọ̀ pé owó le o, mà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò lè gbà á níyànjú kó wọ ọkọ̀ mẹ́ta torí owó kékeré. Tó bá gbọ́dọ̀ yà, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kó sì jẹ́ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan.

Kí ọmọ yín sì béèrè wheelchair fún yín nígbà tó bá ń rà á. Ẹ má bínú mà, mi ò ní ẹsẹ̀ ń dùn yín. Ọ̀fẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ẹ́pọ́ọ̀tù ló máa tì yín látibi káńtà dé ẹnu ọ̀nà bàálù, tẹ́ ẹ bá tún balẹ̀, ẹlòmíì á mú yín gba ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n dé ibi ẹrù, ẹ ò ní máa wá ọ̀nà kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá wa ṣe ń débẹ̀ láyọ̀.

Àǹtí wa, ìyá mi ò gbádùn rárá n'Ìbàdàn, dókítà ní ká máa bọ̀. Houston ni mo wà, mo fẹ́ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní tí n bá fi incognito (fèrèsé ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì) wá a lóru Túsìdeè á dín. Mo tún rí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ láti Dallas, gba Atlanta, lọ Lagos, ó fi $200 dín sí ti Houston. Ṣé mi ò lè kàn lọ pàdé ẹ̀ ní Atlanta? (Àbúrò yín, Houston)

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Incognito ò ní dín in, òru Túsìdeè náà ò ní dín in. Ọjọ́ tó o bá máa fò ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ọjọ́ tó o ra á.

Má dán ti Atlanta yẹn wò. Tó ò bá ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Dallas, wọ́n á fagi lé gbogbo èyí tó kù, títí kan ìpadà, ọ̀nà Lagos á sì dí mọ́ ọ lójú. Tó o bá fẹ́ $200 yẹn, gba bọ́ọ̀sì lọ Dallas lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni.

Máa ṣọ́ra pẹ̀lú, torí òfin Amẹ́ríkà tó fún èèyàn ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì kó sì gba owó ẹ̀ pé, ẹni tó bá rà á tó ku ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà fún. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún ìwọ. Ka orúkọ ẹ, ka ọjọ́ ẹ, wò ó bóyá ó bá páásípọ́ọ̀tù mu, lẹ́ẹ̀mejì kó o tó tẹ ibi ìsanwó.

Ohun tí mi ò rí nínú lẹ́tà ẹ, tó sì yẹ kó o kọ́kọ́ ṣe, ni kó o pe ilé iṣẹ́ bàálù Delta lórí fóònù. Wọ́n ní owó pàtàkì kan fún ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ kú tàbí tí àìsàn ẹ̀ ti dójú ikú, kò sí lórí website, ẹnu ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀. Ìgbà míì èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń dín jù ú lọ, torí náà ṣí kọ̀ǹpútà síwájú ẹ bó o ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ kó o fi wé ara wọn. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ó máa ń rọrùn láti yí ọjọ́ ìpadà padà, ẹni tí ìyá ẹ̀ wà ní ọsibítù ò sì lè mọ ọjọ́ tó máa padà. Wọ́n á bi ọ́ ní orúkọ ìyá ẹ, bó o ṣe jẹ́ sí wọn, orúkọ ọsibítù àti nọ́ńbà fóònù ibẹ̀. Pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ tó wà lọ́dọ̀ màmá báyìí, ní kó fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, kó o tó gbé fóònù. Ọlọ́run á bá wa wo màmá sàn, kọ̀wé sí mi tó o bá dé Ìbàdàn.